Ìfilọ̀ Tó Mọ Àsìkò

"Ẹ̀kọ́ kẹta ti ṣí. Ẹ kà á, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ ìdí rẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì." Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó bá obìnrin kan l'Óde-Ìrèlè nídìí púpurú, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ̀ dáadáa, tó ń bu ú, tó ń mọ ọ́n róbótó-róbótó, tó sì ń tò ó sórí àjà tí èéfín iná yóò fi gbẹ ẹ́. Fóònù wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn, obìnrin náà yọjú wò ó, ó kà á tán láìfọwọ́ kàn án, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti mọ ohun tó dé, ó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, ó sì ti mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì.

Irú ìfilọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yìn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí ayélujára, olùkọ́ ni wọ́n máa ń yìn, tàbí fídíò, tàbí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Ẹni tó wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀kọ́ ti dé kì í sí nínú ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde tí ẹni tó sanwó rẹ̀ kò gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ló ṣì wà.

Òde-Ìrèlè ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú Olófun, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí igbó ọ̀pẹ ti ń lọ pàdé ilẹ̀ olómi. Ará ibẹ̀ ń fún epo, wọ́n ń ṣe púpurú, wọ́n ń pọn ògógóró, wọ́n ń ta ẹja, wọ́n ń kọ́ni nílé ìwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ gba oyè kún èyí tí wọ́n ní láìfi iṣẹ́ àti ọmọ sílẹ̀. Nǹkan kan ló sì ń dí wọn lọ́wọ́ ju àìmọ̀ lọ: àìsí iná. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Ohun tó tún wá dun èèyàn níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, tó ń fi iná ránṣẹ́ sí gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa níbẹ̀ ló wà. Òpó ń gba orí igbó wọn kọjá, wọ́n ń gbé ojú sókè wò ó.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù fún owó. Pátákó gígùn kan ni, wáyà sì dì mọ́ ara wọn lórí rẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Fóònù wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́, èyí tí wọ́n fi rọ́bà dè kí bátìrì má bàa já bọ́, gbogbo wọn pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí bébà pélébé tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń pariwo níta. Ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀ láàárọ̀ lè má padà wá gbà á kó tó di ìrọ̀lẹ́. Láàárín àkókò yẹn, gbogbo ìfilọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i wà lójú ọ̀nà. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n bá a tọ́jú rẹ̀ títí fóònù yóò fi jí. Èyí tó gba orí dátà wá ń dúró de ìgbà tí ẹni náà bá ra dátà. Nígbà tó bá tan fóònù náà lójú ọ̀nà ilé, gbogbo wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ṣe pàtàkì àti èyí tí kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìfilọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun yóò bá wọlé.

Ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti wà láàárín wa tipẹ́ ṣáájú fóònù. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láti ilé níbí, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ òde tí yunifásítì náà ti ń gbà láti 1858. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò kéde fún un pé ẹ̀kọ́ ti jáde. Ìgbà tí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣí. Ìgbà tí akọ̀wé pósítọ́fíìsì bá pe orúkọ rẹ ni o mọ̀. Àpòòwé kan náà ni ìfilọ̀, òun náà ni ẹ̀kọ́. Nígbà tí Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1971, tí BBC ń gbé ẹ̀kọ́ wọn sáfẹ́fẹ́, ìwé àkókò tí wọ́n tẹ̀ ni ìfilọ̀. Bí o bá sùn gbàgbé, ẹ̀kọ́ ti kọjá lọ.

Tiwa dé ní 1983, nígbà ìjọba Ṣẹ̀hú Ṣàgàrí, tí wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjò ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún National Open University. Yunifásítì tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni wọ́n ní lọ́kàn. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun fi tì í pa, ní oṣù Kẹrin 1984. Ọdún 2001 ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jí i dìde, òun náà sì padà di akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí àlééfà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. NOUN ni gbogbo ènìyàn ń pè é báyìí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó Àkúrẹ́ láti Òde-Ìrèlè yóò gba Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó kọjá kó tó débẹ̀. Ká ní pátákó ìfilọ̀ ara ògiri nìkan ló wà, ẹ wo iye tí ọkọ̀ yóò gbà lọ́wọ́ ènìyàn kó tó wá ka bébà tó ti gbó, tó ń sọ ohun tó ti kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìfilọ̀ ti ń ká ni lára. Iṣẹ́ tí NOUN ń pè ní TMA máa ń ṣí ní ìpele: àkọ́kọ́ á ṣí, á tì, èkejì á ṣí, á tì, ẹ̀kẹta náà bẹ́ẹ̀. Lápapọ̀ wọ́n gba 30 nínú 100 máàkì, ìdánwò ìparí gba 70 tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìwé rẹ̀ dáadáa, tí kò sì gbọ́ pé èkejì ti ṣí, kò fìdí rẹmi nítorí àìmọ̀ kankan. Ó kàn pàdánù máàkì nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kò dé etí rẹ̀ lákòókò.

Kí ló dé tí wọn ò fi gbogbo ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú máa bù ú jẹ bó ṣe wù ú? Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn tó ń bínú. Ìdí kan ni pé ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ́ tó pọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà kì í pẹ́ pọ̀ ọ́. Èkejì, àwọn tó jọ wọlé lè jọ máa rìn, kí wọ́n lè máa bi ara wọn ní ìbéèrè lórí ohun kan náà nígbà kan náà. Ẹ̀kẹta kì í sí nínú ìwé àlàyé: nígbà mìíràn, olùkọ́ kò tíì ká ẹ̀kọ́ kẹfà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀kẹta ń jáde. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ìyẹn, bí ẹ̀kẹfà bá ti lè dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é dùn ún wò. Moodle, tí Martin Dougiamas ará Ọsirélíà gbé jáde ní 2002, wà lára irinṣẹ́ tí àwọn yunifásítì ń lò jù lágbàáyé. Olùkọ́ lè gbé gbogbo ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ ṣáájú, kó sì fi ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa rí orúkọ ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ níwájú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré lábẹ́ rẹ̀ pé ó di ọjọ́ báyìí. Ọ̀nà méjì ni irú ètò báyìí máa ń gbà ka ọjọ́. Ọ̀kan ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà, tí ẹ̀kọ́ ṣí fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Èkejì ń kà láti ọjọ́ tí kálukú wọlé: ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lónìí á rí ẹ̀kọ́ kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ló tọ́ sí ìlú bí Òde-Ìrèlè, tí àkókò oko àti owó ilé ìwé ọmọ ń pinnu ìgbà tí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n òun ló tún gba ìfilọ̀ jù, torí pé ẹ̀kọ́ rẹ kò bá ti aládùúgbò rẹ ṣí lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tí o lè bi.

Lábẹ́ gbogbo èyí, iṣẹ́ kékeré kan wà tó ń jí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Á wo aago. Á bi ara rẹ̀ pé kí ló ti ṣí láti ìgbà tí mo wò kẹ́yìn? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Ta ló ti kà á kí n tó sọ fún un? Ta ló ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀? Tó bá dáhùn tán, á to orúkọ sórí ìlà, á bẹ̀rẹ̀ sí rán iṣẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì padà sùn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìgbà tí ẹ̀dà 3.11 ti Moodle jáde ní 2021 ni wọ́n tó fi àpótí kékeré kan sí i tí olùkọ́ lè fi àmì sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ pé nǹkan tuntun wọlé tàbí pé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Ọdún 19 lẹ́yìn tí ilé ìwé ti ṣí nìyẹn o.

Ímeèlì, ìfilọ̀ orí áàpù àti àtẹ̀jíṣẹ́: ọ̀nà mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ímeèlì dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Ní Ìrèlè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí ímeèlì nítorí pé fóònù kò gbà kí wọ́n lò ó láìsí i, wọn ò sì padà débẹ̀ mọ́. Ìfilọ̀ áàpù nílò dátà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń dé orí gbogbo fóònù, títí kan èyí tó jẹ́ tọ́ṣì àti ipè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Òun sì ni ìtàn rẹ̀ dùn jù.

Ní 1985, Friedhelm Hillebrand, ará Jámánì, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ nílùú Bonn, ó ń tẹ gbólóhùn tó bá sáà ti wá sí i lọ́kàn, ó sì ń ka iye lẹ́tà àti àlàfo inú wọn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá 160, ó sì gbà pé ìyẹn tó fún ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ lóṣù Kejìlá 1992 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá nìyí. Àkójọ lẹ́tà tí 160 náà dúró lé lórí ní à, è, ì, ò, ù àti é nínú. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí ìfilọ̀ bá ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta yìí, odindi àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí ìlànà mìíràn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba àyè tó pọ̀ jù, kò sì ní gbà ju 70 lọ. Tó bá kọjá 70, wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á sì gba owó méjì. Ẹ́ tó lámì lórí tún lè gba àyè lẹ́tà méjì.

Ẹ̀yin náà rí i pé owó ló ń bọ́ àmì lára èdè wa lórí fóònù, kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan. Ilé ìwé tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ á ṣírò, á sì kọ "Eko keta ti si", tàbí kó tilẹ̀ kúkú kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò dá wọn lẹ́bi pátápátá, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ parí sí. "Ẹ̀kọ́ 3 ti ṣí. Ó ń tì ní Ẹtì, 10 alẹ́." Gbólóhùn yìí pé, àmì rẹ̀ pé, kò sì sún mọ́ 70 rárá. Ẹni tó bá ní àyè 70 péré á gé gbogbo "A fẹ́ fi àsìkò yìí sọ fún yín pé" kúrò, á gé "Inú wa dùn láti" kúrò. Ohun tó máa kù ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá.

Ìdènà kan tún wà tí àwọn tó ń fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ kì í rántí. Láti 2016 ni àjọ NCC ti ní kí ẹni tí ìpolówó bá ti sú máa fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ọ̀pọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ sí wọn, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n máa jí òun láàárọ̀ kùtùkùtù nítorí orin tí wọ́n fẹ́ tà? Àmọ́ bí ilé ìwé bá gba ọ̀nà kan náà tí àwọn onípolówó ń gbà rán tirẹ̀, ilẹ̀kùn kan náà ni yóò bá ní títì. Olùkọ́ á máa rò pé òun ti sọ; akẹ́kọ̀ọ́ á máa rò pé wọn ò tíì ṣí nǹkan kan. Ilé ìwé tó gbọ́n máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé nọ́ńbà wo, ọ̀nà wo, àsìkò wo.

Àsìkò náà ní ẹwà tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó fìdí kalẹ̀ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà máa ń ti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru kọjá ìṣẹ́jú 59 lọ́jọ́ Àìkú. Ní Òde-Ìrèlè, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìyẹn, aago méje kọjá ìṣẹ́jú 59 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 59 nígbà òtútù wọn. Ìfilọ̀ tó bá kàn sọ pé "ó ń tì lálẹ́ Àìkú" ti fi gbogbo òru kan du akẹ́kọ̀ọ́ ibí, òru tó lè fi ṣe iṣẹ́ tó ṣẹ́kù. Èyí tó dára á yí aago padà sí ti ẹni tó ń kà á. Èyí tó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ á mọ̀ pé aago méje alẹ́ ni fóònù máa ń ti ọ̀dọ̀ aṣáàjì dé, ìgbà náà ni yóò sì sọ̀rọ̀, kò ní sọ ọ́ ní aago méjìlá òru torí pé ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ ṣí.

Mo tún fẹ́ràn èyí tó bá mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ọmọ ogún ọdún ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ, nítorí náà "ẹ" ló yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ti rí èyí tó ń sọ pé "Má ṣe sọ̀rètí nù, o lè ṣe é!" fún ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Ìwúrí kò sí nínú ìyẹn, ìwọ̀sí ló kù. Kó sì má máa pààrà. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó ṣí, ẹ̀ẹ̀kan sí i kó tó tì fún ẹni tí kò tíì ṣe é nìkan. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì á sì bá wọn lọ. Kó dárúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an, kó má sì bèèrè owó tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí àwọn gbájúẹ̀ náà ń kọ ìfilọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ènìyàn ṣì ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ní ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan máa ń wà tí kò sí ẹni tó yàn án, tó máa ń kọ́kọ́ rí i. Á ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Wọ́n ti ṣí iṣẹ́ kejì o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó sùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lálẹ́ yìí." Ó fi ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ sọ ọ́, adìyẹ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè fi ipò nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òde-Ìrèlè lálẹ́ yẹn sínú ìfilọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé ìwé tó lóye ń jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí kàlẹ́ńdà ṣáájú, wọn kì í bá a du iṣẹ́ náà.

Ìfilọ̀ kan wà tí mo ń retí lọ́dọ̀ gbogbo wọn, tó sì ṣọ̀wọ́n: èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìkẹyìn. "Ẹ̀kọ́ tán. A ò ní ránṣẹ́ sí yín mọ́, àfi tí èsì bá jáde." Ọ̀pọ̀ ètò ni kì í fi í ránṣẹ́, wọ́n kàn dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa yẹ fóònù wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa rò pé wọ́n ti ṣí nǹkan tí òun kò rí. Lẹ́tà ìfilọ̀ náà kò tó 70.